Àpá Ara Mọ́tò Gàníyù

Mọ́ńdè, 3/6

Ẹni tó bá máa lówó, kó yáa máa kọ ìtàn ara ẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹ̀ lè rí nǹkan kà. Èmi Sìdí, ọba dísáínì ní gbogbo Bẹẹrẹ, mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi lónìí. Ta ni ò mọ ṣọ́ọ̀bù mi lábẹ́ àtẹ̀gùn òkè Mapo? Mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: WÁ BÓ O ṢE RÍ, LỌ BÓ O ṢE FẸ́. Ẹni dúdú wọlé, á pupa jáde. Ẹni tí kò wọ àgbádá rí láyé ẹ̀, léèsì funfun kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi, màá gbé orí ẹ̀ lé e lọ́rùn, á dà bí ọmọ ọba. Orí tí léèsì yẹn ti gbé, mi ò lè kà á mọ́. Kò ya, kò ṣá.

Kọsitọ́mà méjì wọlé lọ́sàn-án, wọ́n ń bínú síra wọn. Ìyá Gàníyù tó ń ta ọṣẹ dúdú l'Ọ́jà'ba ni, àti ọmọ wọn àgbà, Bọ̀dá Ishaq, télọ̀ ní Beyerunka. Gàníyù yìí ni àbúrò Bọ̀dá Ishaq. Ó gbé Máíkírà búlúù ẹ̀, mọ́tò kékeré tó fi ń kérò, jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn Iléyá èṣí, wọn ò rí òun, wọn ò rí mọ́tò. Bọ̀dá Ishaq ní ó ti ń lọ sí ọdún kan, kí àwọn ṣe fídáù fún un lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó bá tẹ̀lé Iléyá tó ń bọ̀, kí òkú lè sùn. Pọ́sítà fídáù ló fẹ́. Ìyá ní òun ò rí òkú, òun ò sì ní jẹ sàárà ẹni tó ṣeé ṣe kó máa bọ̀ lọ́nà. Pọ́sítà À Ń WÁ A lòun fẹ́.

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò: kí n kọ́kọ́ ṣe ti ìyá, ká lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Bí kò bá sí ìròyìn kankan títí di Sátidé 22, ìyá á jókòó síbi fídáù náà, wọn ò sì ní wí nǹkan kan mọ́ láé.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà, fóònù ni wọ́n fi yà á, ó ṣú. Gàníyù dúró lẹ́yìn mọ́tò, ó fọwọ́ lé bọ́ọ̀tù, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ìyá lọ fọkàn balẹ̀, pé màá ṣe ọmọ wọn bíi gómìnà.

Túsìdé, 4/6

Mo pa àpá tó wà lókè ojú ẹ̀ rẹ́. Mo fọ awọ ara ẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo wọ léèsì fún un. Mọ́tò inú fọ́tò yẹn ò ṣeé fi han èèyàn, ó rí bí ìkòkò tí ìran mẹ́ta ti fi se ẹ̀wà. Mo jù ú nù. Mo wá Máíkírà tuntun jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sọ ọ́ di búlúù, mo fi òjìji sábẹ́ táyà ẹ̀, mo jẹ́ kí oòrùn ta sí gíláàsì. Gàníyù kọ ÀDÚRÀ ÌYÁ MI sí gíláàsì ẹ̀yìn tiẹ̀. Èmi náà kọ ọ́, àmọ́ góòlù ni tèmi.

Epo jẹnẹrétọ̀ ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin lítà kan. Ọlọ́run ló ń bá mi rà á.

Mo jókòó, mo wò ó. Bí mo bá kú lọ́la, wọn ò ní rí ẹni tó máa ṣe pọ́sítà tèmi kó dáa tó báyìí. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú. Ibi tí mo bá gbé ojú ọmọkùnrin yẹn sí, ó ń ṣe bí ẹni pé èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Tọ́sìdé, 6/6

Mo lẹ̀ ẹ́ láti Mapo dé Oríta-mẹ́rin, mo lẹ̀ ẹ́ dé ẹnu Ọjà'ba. Nọ́ńbà mi àti ti ìyá ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Oòrùn ò tíì mú tí fóònù ti ń dún.

Ẹni àkọ́kọ́ bi mí pé èló ni mọ́tò náà, ṣé a máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kejì ní ṣé a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tómbólà ẹ̀. Bàbá kan pè láti Òkè Padre, wọ́n ní ipò wo ni Alhaji inú pọ́sítà yìí ń dù, pé kó má gbàgbé pé àdúgbò àwọn ò ní gọ́tà. Mo ní Alhaji ti gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí.

Nígbà tí mo délé ni ẹ̀rín náà wá kan lẹ́nu mi. Nínú gbogbo àwọn tó pè, kò sẹ́ni tó ní òun rí èèyàn kankan.

Sátidé, 8/6

Ìyá Gàníyù pè mí pé kí n wá bá àwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Mapo. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni, mo tiẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀wù. Mo bá wọn níwájú pọ́sítà, igbá ọṣẹ ṣì wà lórí wọn.

"Sìdí, ta nìyí?"

"Ìyá, Gàníyù ni."

"Gàníyù wo? Èmi tí mo bí i, mo ti kọjá níbí láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ ọ́n. Ta ló máa wá mọ̀ ọ́n?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka pọ́sítà tí èmi fúnra mi ṣe. Èmi Sìdí. Wọ́n ní igi kaṣú ló já Gàníyù sílẹ̀ tó fi ní àpá yẹn, pé òun làwọn fi ń dá a mọ̀ láàárín àwọn ọmọ nígbà tó wà ní kékeré. Wọ́n ní mọ́tò ẹ̀ tún lápá ju òun gan-an lọ, àwọn èrò sì máa ń dá mọ́tò mọ̀ kí wọ́n tó dá a mọ̀. Kí n lọ kó àpá ọmọ àwọn padà fún un.

Mo fẹ́ sọ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé gbogbo ayé ló fẹ́ kó dán. Ohun tó jáde ni, "Ó dáa, ìyá."

Sọ́ńdè, 9/6

Mo sùn lọ́sàn-án nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo lá àlá pé mo wà níjòókòó ẹ̀yìn Máíkírà kan. Mo ní, dẹ́rẹ́bà, mò ń bọ́ọ́lẹ̀. Kò yíjú. Mo tún un sọ. Kò yíjú.

Mi ò jẹun alẹ́.

Túsìdé, 11/6

Àṣé àtiba nǹkan jẹ́ le ju àtitún un ṣe lọ. Mo ti padà sídìí fọ́tò dúdú yẹn, ìkòkò ẹ̀wà yẹn náà, mo ń fa mọ́tò jáde nínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí kò bá ti hàn, mo ní láti lọ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ni mo bá lọ sí páàkì Bẹẹrẹ. Dẹ́rẹ́bà kan ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ti kó sínú, ọlọ́kadà kan ló kọ lù ú l'Óríta-mẹ́rin. Òmíràn ní wáyà ló fi so bọ́ńpà, kì í ṣe okùn. Wẹ́dà tó fi iná jó bọ́ọ̀tù ẹ̀ pọ̀ ní búlúù tibẹ̀ dúdú ju ti ara tó kù lọ. Wọ́n ní lẹ́tà àkọ́kọ́ ti ṣí kúrò nínú ÀDÚRÀ, ó ku DÚRÀ ÌYÁ MI, àwọn èrò sì máa ń fi ṣe é yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́. Samuel nìkan ni kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ Gàníyù ni, òun ló máa ń tò lẹ́yìn ẹ̀ ní páàkì. Ó ní òun ò rántí dáadáa, pé ọjọ́ Tọ́sìdé tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn lòun rí i gbẹ̀yìn. Samuel wọ mọ́tò ẹ̀, ó lọ.

Ibi tó kó sínú lára mọ́tò àwọn tó kù ni mò ń fi fóònù yà, mo ń gé e, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti Gàníyù. Dẹ́rẹ́bà kan ní tó bá jẹ́ ibi tó kó sínú ni mò ń wá, kí n wá ya àtàrí òun.

Ìyá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Òórùn ọṣẹ wọn ti gba ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á na ìka sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní kí n gbé e wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Mo ní ìyá, ó ti tó. Wọ́n ní kò tíì tó.

Tọ́sìdé, 13/6

Òjò látàárọ̀. Omi ń ya wálẹ̀ látorí òkè Mapo, ó ń gbé bàtà ẹlẹ́bàtà lọ.

Ìyá ló fà á. Wọ́n ní họ́ọ̀nù mọ́tò Gàníyù máa ń dún bí ewúrẹ́ tó ní ọ̀fìnkìn. Látìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo jáde lọ wò lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Omi nìkan ló ń lọ lójú títì.

Mo fi Gàníyù pamọ́ lórí kọ̀ǹpútà kí n lè ráyè ṣe bọ́ọ̀tù. Ojú lọ, ara lọ, ọwọ́ ò lọ. Ọwọ́ nìkan ló kù lórí bọ́ọ̀tù, tòun ti ìka. Mo mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo gé ọwọ́ yẹn sọ́tọ̀ láàárọ̀. Mo mọ̀. Mo ṣáà pa kọ̀ǹpútà, mo lọ dúró sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹra fún òjò.

Sọ́ńdè, 16/6. Iléyá

Mo kírun ní yídì. Ọkùnrin iwájú mi wẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀rín, díẹ̀ ló kù kí n pè é ní Gàníyù. Kì í ṣe òun.

Bọ̀dá Ishaq gbé ẹran wá fún mi, ìyá ló ní kí wọ́n gbé e wá. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní ìyá ti yọ ìpín Gàníyù sọ́tọ̀, wọ́n ti ń yan án gbẹ kó má bàa bàjẹ́ kó tó dé. Mo ti ń pe bọ̀dá yìí ní ọlọ́kàn líle nínú mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo ẹran náà títí, wọ́n ní:

"Sìdí, àbúrò mi ni. Ṣùgbọ́n gbogbo mọ́tò tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ìyá mi á dìde lọ ṣílẹ̀kùn. Látèṣí. Ìyá mi ni mo fẹ́ kó sùn."



Túsìdé, 18/6

Samuel wá. Mi ò pè é. Ó fi mọ́tò sílẹ̀ létí títì láìpa á, ó wọlé, ó wo kọ̀ǹpútà títí mo fi bi í bóyá ó fẹ́ rà á ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní mo gbìyànjú. Ó wá fi ìka kan iná ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì.

"Ibí yìí ò rí báyìí. Ó ti fọ́. Náílọ́ọ̀nù pupa ni wọ́n fi bò ó, wọ́n wá fi sẹ́lótéèpù yí i."

Ó jáde kí n tó dúpẹ́. Mo ṣe náílọ́ọ̀nù náà bó ṣe wí. Ibi tí mo ti parí ẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹnì kan tẹ bíréèkì nínú kọ̀ǹpútà. Mọ́tò náà yè. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn, mo kàn ń sọ tèmi ni. Àmọ́ mo yí àga mi padà, mi ò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i.

Wẹ́sìdé, 19/6

Ìyá dé, mo fi hàn wọ́n, mo ń dúró de oríyìn. Wọ́n na ìka bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ìka náà wá dúró lórí náílọ́ọ̀nù pupa.

"Ta ló sọ èyí fún ẹ?"

"Samuel ni, ìyá."

 Wọ́n wá ní, "Gbogbo Jímọ̀ ni mo máa ń fọ mọ́tò yẹn fún un kó tó jáde. Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Iná yẹn ò fọ́."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Nígbà tó yé mi, mo dìde. Ẹni tó bá mọ̀ pé iná yẹn fọ́, ó ti rí mọ́tò náà lẹ́yìn tó kúrò nílé. Bẹ́ẹ̀ Samuel ti sọ fún gbogbo ayé pé Tọ́sìdé lòun rí Gàníyù gbẹ̀yìn.

A jọ lọ sí páàkì. Mo ti kó èébú jọ sẹ́nu bí ẹ̀pà. Ìyá dé iwájú Samuel, wọ́n sọ igbá wọn kalẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ orúnkún kan sílẹ̀. Gbogbo páàkì ló hó. Ta ló máa jẹ́ kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ fún òun, kó tún lóun máa pẹ́ láyé? Kí orúnkún wọn tó kanlẹ̀, Samuel ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀.

"Ìyá, ẹ má pa mí. Màá sọ."

Níbẹ̀ tó sùn sí ló ti sọ ọ́. Ó bá Gàníyù pàdé létí títì ní Ìwó Róòdù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ náà. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan ló fi ẹ̀yìn rìn, tó fọ́ iná ẹ̀. Samuel ya lára náílọ́ọ̀nù tó wà lára mọ́tò tiẹ̀, wọ́n jọ so ó, wọ́n ń bú ọlọ́kọ̀ náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gàníyù ní èrò Ìwó lòun gbé, pé òun á ti dé kílẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọlọ́pàá mú dẹ́rẹ́bà kan tó ní òun rí Gàníyù lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ní kó lọ gbé e wá níbi tó gbé e pamọ́ sí, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Ẹ̀rù ba Samuel, ó gbé tiẹ̀ mì. Látìgbà náà kì í gba iwájú ìsọ̀ ìyá kọjá. Ó ní òun rí mọ́tò náà nínú kọ̀ǹpútà mi láìsí náílọ́ọ̀nù pupa lára ẹ̀, ọkàn òun ò sì gbà kóun fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èébú ẹnu mi ti tú dànù. Ìyá ní, "Dìde. Ọ̀nà Ìwó, àbí?"

Tọ́sìdé, 20/6

Mo lọ tẹ pọ́sítà tuntun láàárọ̀, mo lẹ̀ ẹ́ bo ti tẹ́lẹ̀ ní Mapo àti Ọjà'ba kí a tó gbéra. Ẹni tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ bi mí bóyá mo ti gbàgbé iṣẹ́ ni.

Samuel ló wà wá. Ìyá jókòó níwájú, èmi wà lẹ́yìn, mò ń sọ̀kalẹ̀ lẹ̀ ẹ́ ní gbogbo oríta. A kọjá Lálúpọn. Ní abúlé kékeré kan létí odò, mo na pọ́sítà sí fọkanáísà kan pé kó bá mi dì í mú. Kò wo ojú Gàníyù rárá. Ó fi ìka dúdú ẹ̀ lé náílọ́ọ̀nù pupa, ó wo ìyá, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n pe lémọ́ọ̀mù wá."

Lẹ́yìn ilé ìkéwú wọn ni mọ́tò náà wà. Koríko ti gba inú ẹ̀ jáde lójú fèrèsé. Lémọ́ọ̀mù sọ ọ́ fún ìyá jẹ́jẹ́. Gàníyù dá nìkan ń bọ̀ láti Ìwó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀, ó já sódò. Omi ti gbé fóònù àti ìwé ẹ̀ lọ. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín sí ibi tí wọ́n ń sin àwọn èèyàn tiwọn sí. Wọ́n wá wọ́ mọ́tò náà gòkè, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má yọ nọ́ọ̀tì kan lára ẹ̀, torí ẹni tó bá ń wá a, òun ló máa fi mọ̀.

Ìyá ò sunkún. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa mọ́tò náà láti ẹ̀yìn wá síwájú, wọ́n ń dárúkọ àpá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí, ọlọ́kadà Oríta-mẹ́rin ni. Èyí, ògiri ilé wa ni, ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e délé. Èyí, kò rówó kùn ún. Wọ́n dé iwájú, níbi tó ti rún. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé e.

"Èyí nìkan ni mi ò mọ̀."

Samuel ti lọ dúró lẹ́yìn igi. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, koríko ni mò ń já. Mo rí i pé ibi tó kó sínú lára ilẹ̀kùn yẹn, mo ṣì gbé e sókè jù díẹ̀.

Sọ́ńdè, 23/6

A ṣe fídáù. Ìyá jókòó, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Bọ̀dá Ishaq ló sunkún. Mi ò fọwọ́ kan fọ́tò yẹn rárá, bó ṣe ṣú náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú àpá, pẹ̀lú mọ́tò. Alhaja kan bèèrè pé ta ló ṣe pọ́sítà játijàti yìí. Mo nawọ́ sókè.

Wẹ́sìdé, 26/6

Fóònù dún láàárọ̀. Obìnrin ni. Ó ní òun rí pọ́sítà kan lára ògiri Mapo, À Ń WÁ A, pé kí ọkàn wa balẹ̀, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ nínú mọ́tò náà l'Óríta-mẹ́rin. Ó ní DÚRÀ ÌYÁ MI ló wà lẹ́yìn ẹ̀, náílọ́ọ̀nù pupa sì wà lójú iná. Dẹ́rẹ́bà ń rẹ́rìn-ín, kò gba owó lọ́wọ́ òun. Mo ní ìyá mi, mọ́tò yẹn wà lẹ́yìn Lálúpọn, koríko ló wà nínú ẹ̀. Ó ní èmi ọmọkùnrin yìí, ṣé òun ò mọ nǹkan tóun wọ̀ ni?

Ọkùnrin kan pè lọ́sàn-án, láti Ọjà'ba. Ọ̀rọ̀ kan náà.

Mo mú ọ̀bẹ, mo lọ ń họ pọ́sítà kúrò lára ògiri títí ọwọ́ mi fi bó.

Sátidé, 29/6

Wọ́n ṣì ń pè. Mo rántí pé nọ́ńbà ìyá náà wà nísàlẹ̀ pọ́sítà yẹn. Mo lọ sí ìsọ̀ wọn l'Ọ́jà'ba. Mo sọ̀rọ̀ ọṣẹ, mo sọ̀rọ̀ òjò, mo sọ̀rọ̀ ọkọ tuntun tí ọmọ aládùúgbò wa fẹ́. Wọ́n ń bu ọṣẹ sí ewé, wọ́n ń dúró dè mí. Mo wá sọ ọ́.

"Ìyá, ṣé ẹnì kankan pè yín?"

"Wọ́n pè mí."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀, a kì í dá a dúró lọ́nà."

Wọ́n di ọṣẹ kan fún mi, wọn ò gba nǹkan kan, wọ́n yíjú sí kọsitọ́mà.

Láti ilé mi l'Ókè Padre dé Bẹẹrẹ, lálọ lábọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn báyìí, mi ò dá Máíkírà dúró mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo ní ara mi ni mò ń tọ́jú, gbajúmọ̀ ò gbọ́dọ̀ yọ ikùn.